Àdúrà Ìyá Àgbà fún Ẹni Tó Sọnù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òkè ni ẹ̀rù mi ti máa ń wá. Camp Springs ní Maryland là ń gbé, lẹ́bàá ibùdó àwọn ọmọ ogun òfurufú, lásìkò tí Amẹ́ríkà ń ja ogun Ìráàkì. Bí bàálù wọn bá ti fẹ́ balẹ̀, gbogbo abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, èmi náà á sì máa gbọ̀n. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á rántí.

Màmá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, nítorí náà Ìyá àgbà wá láti Ìbàdàn láti máa wò mí. Wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni ògbufọ̀ wọn. Èmi náà ni mò ń fọ agolo tí mọ́ínmọ́ín ti gbẹ mọ́ nídìí, iṣẹ́ tí mo kórìíra jù láyé.

Lọ́jọ́ kan, a gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún Mísì Rúùtù, òyìnbó arúgbó tí ilé wọn kángun sí tiwa. Ìyá àgbà bèèrè nípa ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ aṣọ ológun nínú àwòrán ara ògiri. Mísì Rúùtù ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni. Ó bá bàálù tó ń ju bọ́m̀bù lọ nígbà ogun Hítílà. Àwọn mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, wọ́n gbéra láàárọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rí wọn mọ́. Bísíkíìtì ló kún ẹnu mi. Ìparí ọ̀rọ̀ nìkan ni mo túmọ̀: "Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn sọnù."

Ìyá àgbà rò pé arúgbó tó ṣìnà ni, bí àwọn tó máa ń jáde ní ilé ìtọ́jú màmá mi tí wọn kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́. "Áà, wọn ò tètè wí. Ọlọ́run á bá wa wá a."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gba ààwẹ̀ fún un ní gbogbo Ọjọ́rú. Bí a bá rí òyìnbó arúgbó ní ibùdókọ̀, wọ́n á tì mí: "Lọ bi í bóyá òun ni."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìjọ wa kì í gbàdúrà fún òkú, mo sì mọ ìjìyà Ìyá àgbà: ìkúnlẹ̀, ọwọ́ lókè, títí apá á fi kú. Èyí tó tún burú ni pé àdúrà wọn máa ń gbà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkùnrin náà á dìde níbi tó sùn sí, á sì máa bọ̀. Bí bàálù bá ti ń kọjá, abẹ́ tábìlì ni mò ń wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń gbá ewé jọ níwájú ilé nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ ológun, irun orí rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ti inú àwòrán, ó sì kan ilẹ̀kùn Mísì Rúùtù. Abẹ́ tábìlì ni Ìyá àgbà ti fà mí jáde.

"Kí lo rí?"

"Ó ti dé, mà."

Wọn ò tilẹ̀ wọ bàtà. A bá Mísì Rúùtù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ọwọ́ ológun náà mú. Wọ́n ní kí n sọ fún Ìyá àgbà pé a ti rí ẹ̀gbọ́n àwọn. Mo sọ ọ́. Ìyá àgbà kúnlẹ̀, wọ́n kọrin ọpẹ́, wọ́n sì bi mí pé: "Kí ló máa jẹ?"

Mo ti gbọ́ ìyókù lẹ́nu ológun tó mú ìròyìn náà wá. "Ìyá àgbà, egungun ni wọ́n rí, pẹ̀lú àfọ́kù bàálù, lórí òkè kan lọ́nà jíjìn. Ogun Hítílà ló bá lọ. Èmi ni mi ò sọ ọ́ tán."

Mo ti ń wá ibi tí màá kúnlẹ̀ sí.

"Ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ," ni wọ́n wí. "Sọ ọ́ fún Mísì Rúùtù. Má gé e kù."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mísì Rúùtù dì mọ́ Ìyá àgbà, wọn ò sì tètè fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ náà, ọwọ́ lókè, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo jẹ mọ́ bísíkíìtì.

Àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa báyìí, mo sì dúpẹ́ pé mo bá wọn láyé. Lónìí, fóònù ló ń ṣe ògbufọ̀. Kì í jẹ bísíkíìtì, kì í sì í gba ààwẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Abọ́ ṣì ń gbọ̀n bí bàálù bá ń kọjá, ẹ̀rù sì ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, nítorí ara mi ni mo ṣe ń sá sábẹ́ tábìlì. Nísinsìnyí, mo máa ń dúró lójú fèrèsé, màá ní: Olúwa, ọmọ ẹnìkan ni àwọn tó wà lókè yìí. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n nù.