Ìṣákọ́lẹ̀ Kóòṣì Fàlílù

Bí ẹ bá dé Ilo-Awela tí ẹ ní Fàlílù lẹ ń wá, ńṣe ni wọn á máa wò yín lójú. Ẹ sọ pé Kóòṣì, ọmọdé pàápàá á na ìka sí ilé rẹ̀. Ọmọ Ìkìrun ni. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ṣàngó Ọ̀tà nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú mìnìmìnì. Ilé-iṣẹ́ òwú ló ti ṣiṣẹ́, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo, nítorí nígbà tó di kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-iṣẹ́ náà, tó bá kígbe "sáré!" lórí pápá, ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sí eré.

Ẹgbẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ rí. Ọ̀gá àgbà bọ Kóòṣì lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ìgbà tó yá, ilé-iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwọn yẹn ní òwú làwọn ń ṣe, àwọn ò ṣe bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ ṣe tú ká nìyẹn. Fàlílù mú fèrè rẹ̀, ó jáde, inú bí i débi pé kò dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ilé ńkọ́? Nàfísátù ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí. Obìnrin náà a máa sọ pé bọ́ọ̀lù ni ìyálé òun, pé àṣẹ́kù ìyálé lòun ń jẹ. Àwàdà làwọn èèyàn pè é. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, ó rò pé ọkọ òun á wá fìdí mọ́lé wàyí. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele: ńṣe ni Fàlílù kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù láàárọ̀ lálẹ́. Nàfísátù kó àwọn ọmọ, ó padà sí Ìkìrun. Kò jà, kò sì pariwo. Kóòṣì ní bó pẹ́ bó yá á dé. Kò dé. Ó dùn ún dọ́kàn, ṣùgbọ́n ta ni ó fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ohun tó wá kù fún un láyé kò ju pápá lọ. Ilẹ̀ pupa gbalasa kan ni. Ẹbí Àlàrí, àwọn ọmọ bíbí Ọ̀tà, ló nilẹ̀. Bàbá Sùlè tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún un, kò gba kọ́bọ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó béèrè: bí ọdún Iléyá bá ti kọjá, kí Kóòṣì gbé obì, àkùkọ kan àti ìgò oyin wá kí olórí ẹbí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé àlejò ni lórí ilẹ̀ náà àti pé ó mọ onílẹ̀. Ọtí làwọn mìíràn máa ń gbé. Bàbá Sùlè kì í fẹnu kan ọtí, ìyẹn ni oyin fi rọ́pò rẹ̀.

Ilé Bàbá Sùlè ni Kóòṣì ti bá Ẹfúnkẹ́ pàdé. Ọmọ baba náà ni, opó tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọpẹ́, tó padà wálé láti tọ́jú bàbá rẹ̀. Ìgbín ló ń sìn lẹ́yìnkùlé. Ẹ gbọ́ ná: ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n sáré, ìgbín ló wá lọ fìdí tì! Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Lọ́jọ́ tó gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dún kan, ó ní kóun kàn yọjú wo àwọn ìgbín yìí. Kò pẹ́ tó fi ń gbé ewé ìbẹ́pẹ wá nírọ̀lẹ́, tó ń bá wọn bomi rin ilẹ̀, tó ti mọ èyí tó fẹ́ yé ẹyin. Mùsílíù, igbákejì rẹ̀ lórí pápá, fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní ṣé ìgbín lẹ fẹ́ fi gba ife-ẹ̀yẹ lọ́tẹ̀ yìí ni. Kóòṣì á rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Nàfísátù ti lọ, ẹ̀yìnkùlé yẹn nìkan ni ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Ṣé ó wá sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹfúnkẹ́? Kò sọ o. Àgbàlagbà, ojú ń tì í. Ìgbín ló ń wá wò, ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá Sùlè kú. Ojúlé méjì ni ẹbí Àlàrí pín sí, òkè àti ìsàlẹ̀. Bí olórí ẹbí bá ti ojúlé kan kú, ojúlé kejì ló kàn. Ìsàlẹ̀ ni Bàbá Sùlè ti wá, nítorí náà, ipò bọ́ sọ́wọ́ Bàbá Afọlábí lójúlé òkè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì yẹ kí ìṣákọ́lẹ̀ máa lọ. Mùsílíù kìlọ̀ fún Kóòṣì pé kó lọ kí bàbá tuntun. Kóòṣì ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá kọjá, ojúlé ìsàlẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ̀ tún gbé e lọ, tòun tobì, tòun tàkùkọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi Ẹfúnkẹ́ bóyá ibẹ̀ náà ló ṣì yẹ kóun gbé e wá.

"Ẹ gbé e wọlé, Kóòṣì," Ẹfúnkẹ́ dá a lóhùn. "Ilé kan náà ni gbogbo wa."

Ohun tí Kóòṣì fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ó gbé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ́dún kejì, àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà náà ni ìjọ àti yunifásítì ń hù ní Ọ̀tà bí olú. Ibi tí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí lánàá, ilé akẹ́kọ̀ọ́ ló dà lónìí. Láti Toll Gate títí dé Alapoti, ara ògiri ò ráyè nítorí "ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" tí wọ́n ń kọ sí i, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń tà á. Kóòṣì ń rí gbogbo rẹ̀, kò kà á sí. Ó ní tòun yàtọ̀, òun mọ onílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó dé pápá, ó bá ọkọ̀ tó ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ níbi tí gólì máa ń dúró sí. Wọ́n ti wú òpó gólì, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìjọ kan ló ra ilẹ̀ náà. Àwọn tí wọ́n rán wá ò bá a jà o, wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní ẹbí ló tà á fáwọn, àwọn rò pé ó ti gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ gbé bàtà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, wọ́n ń wo ojú Kóòṣì. Ó fi fèrè sẹ́nu, kò lè fọn ọ́n.

Ojúlé òkè ló gbà lọ tààrà. Bàbá Afọlábí fún un lága, kò sì pariwo mọ́ ọn.

"Kóòṣì, láti ìgbà tí mo ti jẹ olórí ẹbí lẹ ti wà lórí ilẹ̀ mi, ẹ ò kí mi rí. Kí ni kí n sọ fún ẹbí pé ẹ jẹ́?"

Kóòṣì dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ojúlé ìsàlẹ̀ lòun ń gbé e lọ. Bàbá Afọlábí ní òun mọ̀. Ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ títà délẹ̀, àwọn kan nínú ẹbí kọ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi pápá sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń lò ó wá fara hàn kó sì kí ẹbí. Ẹfúnkẹ́ làwọn rán sí i, torí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń wà. Wọ́n retí rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Wọ́n gbà pé ńṣe ló fojú di àwọn. Ó ní ọwọ́ ti bọ̀wé, kò sóhun tóun lè ṣe mọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Láti òkè, Kóòṣì kọrí sí ìsàlẹ̀. Bó ti ń lọ, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ẹfúnkẹ́ sọ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ò dé etí òun. Irọ́ pàápàá, yóò gbà á. Ó bá a nídìí ìgbín, ó sì bi í.

Ẹfúnkẹ́ ò jiyàn. Ó ní iṣẹ́ náà dé etí òun. Ó ní àìmọye ìgbà lòun la ẹnu láti sọ ọ́, tóun tún pa á dé.

"Bí mo bá sọ fún yín, òkè lẹ ó máa gbé e lọ," ó wí. "Kí lẹ ó tún máa wá ṣe lọ́dọ̀ tèmi?"

Inú bí Kóòṣì. Ó rántí àwọn ọ̀dọ́ tó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n rò pé ó lọ gba pápá padà. Èpè fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Pápá yẹn nìkan ni mo ní láyé, Ìyá Ọpẹ́. Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

Ẹfúnkẹ́ gbójú sókè. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ̀yin náà, ẹ ò bá ti sọ fún mi. Ṣé ìgbín lẹ ń wá wò láti ọjọ́ yìí?"

Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń la pápá já, kò rí gbólóhùn kan ṣoṣo sọ fún obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, á jẹ́ pé nítorí Ẹfúnkẹ́ lòun náà ò ṣe gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ sí òkè, pé àwọn méjèèjì ló jọ fọwọ́ ara wọn ta pápá náà. Ó ki fèrè bọ àpò, ó lọ, Ẹfúnkẹ́ ò sì pè é padà.