Ìdajì Ẹ̀kọ́ tí Bàbá Mi Kọ́ Wa Nípa Ogun

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ̀yin ọmọ mi, ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Àdúgbò Ìsàlẹ̀ Òsì ni ilé wa wà, ilé jagunjagun sì ni. Ogun ló kún inú oríkì wa. Tíṣà ni bàbá mi, òun náà ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bíbélì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bi í pé, “Bàbá, Jésù ní ká yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí ẹni tó bá gbá wa létí. Ṣé onígbàgbọ́ wá lè jagun ni?”

Bàbá ní ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ kò fẹ́ fọwọ́ kan idà rárá. Nígbà tó yá, bíṣọ́ọ̀bù kan ní àríwá Áfíríkà rò ó títí, ó ní bí aláṣẹ ìlú bá pe ogun, tí ìdí rẹ̀ tọ́, tó sì jẹ́ pé àlàáfíà ni wọ́n ń wá, onígbàgbọ́ lè lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi wọ iṣẹ́ ológun. Ìyá mi ò sunkún. Ó kàn wo bàbá mi, ó ní, “Ẹ̀yin lẹ rán an.”

Ìgbà tí ogun parí ló tó padà dé. Ó ti rù kan egungun, kì í sì í jẹ iṣu mọ́. Bàbá bi í títí kó tó sọ̀rọ̀.

“Wọ́n ní ká má fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ọ̀tá. Èmi ni mo dáná sun àká iṣu ìyá arúgbó kan. Ó di ẹsẹ̀ mi mú. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, Bàbá, àmọ́ mo mọ ohun tó ń sọ. Ṣé ìyẹn náà tọ́?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bàbá dìde níwájú gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ìdajì ni mo kọ́ yín. Àwọn onímọ̀ ìgbàgbọ́ tún bi ìbéèrè kejì: kí lẹ máa ṣe bí ẹ bá dé ojú ogun? Wọ́n ní ẹni tí kò gbé ohun ìjà, ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é níbi. Mo mọ̀ ọ́n. Oríkì ilé wa ló dùn mọ́ mi tí mi ò fi sọ ọ́.” Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Ọmọ mi, dárí jì mí.”

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó wọkọ̀ lọ wá ìyá arúgbó náà. Kò bá a láyé. Ó bá ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ìdílé ọmọ náà, ó sì dúró tì wọ́n títí ó fi kọ́ àká mìíràn fún wọn. Bóyá wọ́n dárí jì í, kò sọ fún wa rí.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ogun ìlú òkèèrè wà lórí fóònù yín. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹ ti dá apá kan láre. Mi ò bá yín wí. Àmọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí àgbà tó jẹ́wọ́ níwájú ọmọdé pé òun ṣì wọ́n lọ́nà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.