Mo Yan Àgbà fún Kọ̀ǹpútà Ìjọ

Òórùn páálí ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Orí òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọjà ní páálí-páálí ní Cheetham Hill nílùú Òyìnbó níbí ni ìjọ wa wà nígbà náà, òórùn yẹn a sì bá wa gun àtẹ̀gùn dé yàrá tóóró tí kọ̀ǹpútà wà. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa ń wọ̀ láti Ardwick, tèmi ti ọmọ lẹ́yìn. Iṣẹ́ mi kò ju kí n máa gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri lọ. SS3 ni mo kàwé dé. Bí mo ṣe wá di ẹni tó ń tún inú kọ̀ǹpútà tò, ó ṣì ń rú mi lójú.

Bùrọ̀dá kan ló fà á, ẹni tó wá kàwé ní yunifásítì níbí. Òun ló ṣe kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìsìn wa lọ fún àwọn ará ilé ní Nàìjíríà. Ó ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ìgbà yẹn gan-an ni ìjọ ra kámẹ́rà tuntun. Kernel, ìyẹn ohun tó jókòó sí ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà tó ń pàṣẹ fún gbogbo nǹkan yòókù, kò mọ kámẹ́rà náà rí. Àfi ká tún kernel ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bùrọ̀dá ní kí n wá kọ́ ọ, torí èmi ni mo máa ń tètè dé.

Èmi náà kò kọ̀, torí wọ́n máa ya ọmọ mi sí mímọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà du ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Ó ní òun á wé gèlè, òun á jókòó síwájú fóònù bí ẹni tó wà lórí àga iwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí kọ̀ǹpútà yìí kò bá ṣiṣẹ́, ta ni ìyá mi fẹ́ wé gèlè fún?

Ojú ìwé aláwọ̀ búlúù ni Bùrọ̀dá ṣí sílẹ̀, lẹ́tà ló kún inú ẹ̀, kò sí àwòrán kankan. Tí o bá fẹ́ nǹkan, wàá tẹ bọ́tìnì tó gùn jù, ìràwọ̀ á yọ níwájú rẹ̀. A dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní congestion control.

"Wò ó bí ọ̀nà," ni Bùrọ̀dá wí. "Ẹni tó ń kó ẹrù lọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ọ̀nà bá kún, kó dẹ eré. Awakọ̀ mẹ́ta ló wà níbí. Reno ni àgbà gbogbo wọn. Cubic tẹ̀ lé e. Bbr ni àbúrò pátápátá."

Ọmọ bú sẹ́kún. Mo ń jò fún un lẹ́yìn, Bùrọ̀dá ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, Bùrọ̀dá."

Irọ́ ni mo pa. "Àgbà" nìkan ló kù sí mi létí. Ilẹ̀ ṣú kí a tó parí, ó ní kí n parí èyí tó kù ní Sátidé, bó bá rú mi lójú kí n pe òun nílé. Ó wọ bàálù lọ.

Ní Sátidé, mo dé iwájú àwọn awakọ̀ mẹ́ta yìí lémi nìkan. Èwo ni kó máa wakọ̀? Ìyá mi ti sọ fún mi láti kékeré pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n mo ti sọ "ó yé mi" tó ìgbà mẹ́wàá, ojú ń tì mí. Òwe mìíràn ló wá sí mi lọ́kàn: àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun kúkú ni ọ̀rọ̀ wa. Mo fi ìràwọ̀ sí Reno. Mo yọ ti àwọn méjì yòókù kúrò, mo ní kí àwọn ọmọdé máa lọ ṣeré. Kí kernel tó jinná, ọmọ ti mu ọmú lẹ́ẹ̀mejì. Inú mi dùn bí ẹni tó se oúnjẹ ìgbéyàwó.

Ní Sunday, mo gbé ọmọ dé iwájú, mo kọjú sí kámẹ́rà, mo ní, "Màámi, ẹ wò ó o!" Pásítọ̀ gba ọmọ, ó gbé e sókè, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìgbà tí mo padà dé orí ìjókòó ni mo rí ohun tí àbúrò mi ti kọ ránṣẹ́ láti ilé lọ́dọ̀ Màámi: "Àǹtí, àwòrán ti dì o." "Àǹtí, kò lọ mọ́." "Àǹtí!"

Mo sáré dé ìdí kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ tí mo lè rí. Mo pe Bùrọ̀dá, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èwo lo yàn?"

"Reno."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà ní òun ni àgbà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ṣé o kúnlẹ̀ kí i náà? Ìyàwó wa, Reno yẹn, bí ẹrù kan bá já bọ́, á ní ọ̀nà ti kún, á gé eré rẹ̀ sí méjì. Bí òmíràn bá tún já bọ́, á tún gé e. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kò kún o, ẹrù ló kàn ń já bọ́. Bbr ló máa ń wọn ọ̀nà wò kó tó bẹ̀rù."

Mo ní ó yé mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yé mi dé ìdajì.

Mo pe ìyá mi. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ ò rí nǹkan kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ìwọ ni mo rí. Ojú kan ni o dúró sí, ẹnu rẹ là sílẹ̀, títí ìsìn fi parí. Mo wò ọ́ dáadáa. O ti rù. Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ níbẹ̀ yẹn?"

Láti ìgbà tí mo ti bímọ, bó bá ti pè, ọmọ ni mo máa ń yí fóònù sí. Ojú tèmi kì í pẹ́ níbẹ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo tún kernel ṣe, mo fi ìràwọ̀ sí bbr. Àwòrán ń ṣàn dé Abẹ́òkúta bí omi. Ọmọ yẹn ti ń sáré kiri báyìí, wọ́n sì ń pè mí ní ẹnjiníà nínú ìjọ, ẹ̀rín a máa pa mí. Síbẹ̀, n kò tíì mọ̀ bóyá àṣìṣe ni ọjọ́ yẹn tàbí oore. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ìyá mi bá pè, kí n tó gbé ọmọ sún mọ́ ọn, mo máa ń gbé fóònù ti kẹ́tùlù, màá jókòó jẹ́ẹ́ bí àwòrán tó dì, títí tí yóò fi sọ pé, "Ó tó. Gbé e wá kí n rí i."