Orúkọ Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Pè

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà obìnrin arúgbó yìí lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mi ò sì ní purọ́ pé àárẹ̀ náà ti lọ láti ìgbà yẹn. Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Goresbrook, nílùú òyìnbó. Òun ń to ẹrù nílé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth, èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ogójì ọmọ ló máa ń dìde kí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Níbí, ilé márùn-ún ni mo ń wọ̀ kí oòrùn tó kanrí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nílé kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá pẹ́, fóònù iléeṣẹ́ wa á bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò mi.

Ilé kẹta wà ní Valence. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kan ló ń dá gbé ibẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, tó jẹ́ òṣèré àti akọrin kí ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Máníjà wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ti kìlọ̀ fún mi lórí fóònù.

"Sister, carer mẹ́ta ni màmá yẹn ti refuse. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá refuse ẹ̀yin náà, mi ò ní hours míì tí mo lè fún yín o, ẹ̀yin náà sì mọ bí visa yín ṣe rí."

Mo mọ̀ ọ́n. Bí wákàtí iṣẹ́ mi bá wálẹ̀, ìwé ìgbélùú èmi àti ọkọ mi ti wọ ewu nìyẹn. Nítorí náà, mo wọlé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tí mo ní. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ní, "Good morning, Mama."

Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì yíjú sí ògiri. Wọn ò fọwọ́ kan ọ́ọ̀tì tí mo sè fún oúnjẹ àárọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Mo rò pé àwọ̀ ara mi ni. Mo ti pàdé irú rẹ̀ rí, ó sì ti sú mi láti máa ronú lé e lórí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ọmọ mi, ọ̀wọ̀ ni kí o fi bá wọn lò. Àgbà tí a bá ń bu ọlá fún kì í lé ọmọ jáde. Just double the respect, o gbọ́?"

Mo gbọ́. Láti ọjọ́ Ajé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í da Mama sínú ọ̀rọ̀ mi bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀. Mama mi, ṣé ẹ sùn dáadáa? Mama mi àtàtà, ẹ jẹ́ kí n fọ ẹ̀yìn yín. Bí mo ṣe ń fi kún un ni ojú wọn ń le sí i. Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, wọ́n da ife tíì sílẹ̀ lójú mi. Kí n tó dé ilé kẹrin, máníjà ti pè: wọ́n ti fẹjọ́ mi sùn, bí wọ́n bá fi tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tán.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú bí mi gan-an. Àkísà wà lọ́wọ́ mi, mò ń nu eruku kúrò lára àwọn àwòrán wọn, ni mo bá yíjú padà.

"Kí ni mo ṣe fún yín gan-an, Mama?"

"Ìyẹn náà ni," ni wọ́n wí. "Ìyẹn náà ni o ń ṣe."

Wọ́n na ìka sí ògiri, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti ìlú kékeré kan létí òkun. Ilé ọtí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kọrin, níbi tí àwọn kọ́lékọ́lé ọmọ ìlú wọn ti ń mu ọtí tí wọ́n sì ń sunkún ilé. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti gbọ́ ohùn wọn tó mú wọn lọ sórí ìtàgé. Fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, a ń kọ orúkọ wọn gàdàgbà síwájú gbọ̀ngàn eré. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìpolówó náà ṣì wà lára ògiri, lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, olùdarí kan ní kí wọ́n wá ṣe ìyá òṣèré ọkùnrin kan tí wọ́n fi ọdún méjì péré jù lọ. Iṣẹ́ ò pọ̀ lásìkò náà, wọ́n gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún fún wọn ní ipa mìíràn. Ìyá olè. Ìyá sójà. Ìyá tó ń sunkún nílé ẹjọ́. Àwọn yòókù ní orúkọ nínú eré. Tiwọn, "Ìyá" lásán ni. Ìyá kì í sì í kọrin nínú àwọn eré wọ̀nyẹn, nítorí náà orin kú mọ́ wọn lọ́fun.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹ́ ìyá fún àwọn tí mi ò bí," ni wọ́n wí. "Mi ò bí ẹyọ ọmọ kan rí. Mo ní níkẹyìn, màá jókòó sílé mi, màá jẹ́ ara mi. Ìwọ ni o tún wá ń wọlé láràárọ̀: Mama, Mama."

Ojú tì mí. Nílé wa, obìnrin tó dàgbà tí kò bímọ, Mama la fi ń bò ó láṣìírí. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí à ń bò lè má fẹ́ aṣọ náà.

"Kí ni kí n wá máa pè yín, ma?"

"Ma náà kọ́. Orúkọ mi nìyẹn lára ògiri. Kà á."

Mo la ẹnu, ẹnu ò ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, mo pe aládùúgbò wa obìnrin lórúkọ bí mo ṣe gbọ́ lẹ́nu ọkọ wọn. Ìgbájú tí ìyá mi fi dáhùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò gbàgbé rẹ̀ títí dòní. Mo bẹ obìnrin náà pé kí wọ́n má bínú, mi ò lè ṣe é.

"Mo fún ọ di ọjọ́ Ẹtì," ni wọ́n wí. "Bí o kò bá lè pe orúkọ mi nígbà yẹn, màá pe iléeṣẹ́ yín."

Mo fi orúkọ náà kọ́ra nínú bọ́ọ̀sì, mo fi kọ́ra nílé ìwẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Orúkọ lásán? Just call it, jàre! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá wa padà sílé ni?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ pe Ìyá Ìjọ lórúkọ lọ́jọ́ Sunday, ká wo ojú yín."

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, àwọn arúgbó àdúgbò ń jẹun ọ̀sán pọ̀ ní gbọ̀ngàn kékeré kan, àwọn tó ṣètò rẹ̀ sì ti bẹ obìnrin náà kí wọ́n wá kọ orin kan. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti kọrin níwájú ènìyàn kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ àwọ̀ ewé fún wọn. Èmi ni mo kun ètè wọn. Mo fi àga onítáyà tì wọ́n débẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí ètò náà mú gbohùngbohùn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún màmá wa ọ̀wọ́n tó fẹ́ kọrin.

Ọwọ́ wọn tutù lápá mi.

"Gbé mi lọ sílé," ni wọ́n wí.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò nira láti yí àga náà padà, ó sì rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe na ètè sí mi kí n kùn ún. Mo gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni náà, ohùn tí mo fi ń ka orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà ní Ìjẹ̀bú ló sì jáde lẹ́nu mi. Mo pe orúkọ wọn, mo fi ti bàbá wọn tì í, ó pé pérépéré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá mi létí.

Obìnrin náà gbé orí sókè. "Èmi rè é," ni wọ́n dáhùn.

Ohùn náà ti gbó. Níbi tí orin ti ròkè, ó pòórá, ẹnu wọn nìkan ló ń lọ, ó tún padà wá nígbà tó yá. Kò sẹ́ni tó húkọ́. Mi ò gbọ́ ìparí rẹ̀, torí fóònù ti ń dún nínú àpò mi, ẹnì kan ń retí oúnjẹ nílé tó kàn. Àwọn tó ṣètò náà ló máa dá wọn padà sílé, mo sá jáde.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo pe orúkọ wọn. Wọ́n wo orúnkún mi.

"Ìyẹn ò burú," ni wọ́n wí. "O lè máa kúnlẹ̀." Wọ́n jẹ ọ́ọ̀tì náà tán.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo pe ìyá mi ní Ìjẹ̀bú, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ìwọ? O pe àgbà lórúkọ?"

"Àwọn ni wọ́n ní kí n pe àwọn bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

"Ṣé wọ́n dáhùn?"

"Wọ́n dáhùn. Wọ́n tún kọrin."

Mo gbọ́ tí ìyá mi ń fa àga láti jókòó.

"Gbogbo àwọn tó ń pè mí lórúkọ ló ti kú tán," ni wọ́n wí. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kẹ́yìn."

Orúkọ àkọ́bí wọn ni gbogbo àdúgbò ti fi ń pè wọ́n láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Orúkọ tiwọn gan-an, inú fọ́ọ̀mù nìkan ni mo ti ń kọ ọ́: fọ́ọ̀mù iléèwé, fọ́ọ̀mù fisa. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnì kan pè é jáde kí wọ́n yíjú. Mo la ẹnu láti pè é. Mo ti pe ti àjèjì níwájú gbọ̀ngàn tó kún.

"Mọ́mì," ni mo wí.

"Ọmọ mi," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí n parí ọ̀rọ̀ mi.