Ọjọ́ Tí Máàpù Ọgbà Igi Wẹ Ọkọ Mi Mọ́

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpótí ìwé àtijọ́ ọgbà igi tó wà ní Òkè-Sopẹ̀n kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́ tí Làmídì, àbúrò ọkọ mi, ti ń sọ pé Súnmọ́nù ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà, ló hú pèrègún ààlà, tó lọ gbìn ín síbòmíì, tó fi ilẹ̀ bàbá wọn kún ti ọgbà. Ẹ̀sùn náà ló bá a wọ sàréè.

Tinúkẹ́ tó ń tọ́jú ìwé tẹ́ máàpù àtijọ́ tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yà sílẹ̀ níwájú èmi àti Làmídì. Ẹ̀gbẹ́ àpáta tí pèrègún wà lónìí náà ló wà nínú máàpù náà. Ó wá ka lẹ́tà bàbá wọn: “Èmi ni mo yọ̀ǹda ilẹ̀ dé ìdí pèrègún.”

Làmídì dọ̀bálẹ̀. “Ìyàwó wa, ẹ dárí jì mí.”

Mo ní, “Ọkọ mi kékeré, èmi kọ́ lẹ pè lólè.”

A jọ lọ sídìí sàréè. Ó ní, “Bọ̀dá Súnmọ́nù, mo purọ́ mọ́ yín.” Ibẹ̀ ni mo ti ráyè sunkún ọkọ mi.