Àdúgbò Tí Ariwo Pọ̀ Ni Joaquim Ń Wá

Bí Joaquim bá lajú sílẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ́jẹ́ tó o ní gbogbo àdúgbò Campos l'Ékòó. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe, ohùn rẹ̀ sì kéré débi pé àwọn oníbàárà a máa gbé etí sún mọ́ ọn. Àmọ́ kó ṣáà ti fi orí lé ìrọ̀rí, wàhálà dé. Ìhanrun rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré.

Ọ̀dọ̀ Adeline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé. Lọ́jọ́ tí ìhanrun mú kí fọ́tò ìgbéyàwó Adeline já bọ́ lára ògiri, Adeline fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo fẹ́ràn yín gan-an. Ẹ lọ wá ilé."

Joaquim rò ó títí, ó ní àdúgbò tí ariwo ibẹ̀ á bo tòun mọ́lẹ̀ lòun á lọ. Ó lọ bá Haleem tó ń báni wá ilé, ṣùgbọ́n ojú tì í láti sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn bi í pé, "Ṣé ariwo wà níbẹ̀?"

Haleem wo ọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí, ó ní, "Ariwo kẹ̀, bàbá? Ibẹ̀ pa lọ́lọ́."

Inú Joaquim bàjẹ́.

Ní Adéníji Adélé, Haleem ti sáré bẹ onírẹ́kọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ilé pé kó pa ẹ̀rọ rẹ̀. Joaquim tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní yàrá náà kò wu òun. Bákan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Sandgrouse, Haleem ti bẹ ìyá tó ń lọ ata pé kó dáwọ́ dúró. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde ni ẹ̀rọ ata bú ramúramù.

Joaquim yíjú padà tayọ̀tayọ̀. "Kí nìyẹn?"

"Òkèèrè ni, bàbá. Ẹ má dá a lóhùn."

Ó wá tó gẹ́ẹ́. Joaquim ṣàlàyé ara rẹ̀. Haleem rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni kì í hanrun. Ni Joaquim bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì Haleem lọ́sàn-án gangan, ó sì sùn lọ. Kò pẹ́ tí Haleem fi jí i, ó gbá èjìká rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ dìde. Obalende ni."

Àlímọ̀t, onílé Obalende, ṣí fèrèsé tó kọjú sí gáréèjì, ariwo kọ̀ńdọ́tọ̀ sì rọ́ wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Joaquim ti jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Látìgbà tó ti kó dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Àfi ọ̀sán Sátidé kan tí Káyọ̀dé, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nílé kejì, wá kanlẹ̀kùn jí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, jẹnẹrétọ̀ yín ti fẹ́ kú o. Ẹ jẹ́ n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò."

Joaquim dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ti àtijọ́ ni, páàtì rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́.