Ọkọ̀ Omi Tí Ẹni Tó Ni Ín Kì Í Gbélé

Bí ẹ bá rí i pé mo fajú ro nígbà tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ajẹ́ǹtì, ẹ má bínú. Ajẹ́ǹtì ilé, ajẹ́ǹtì ilẹ̀, ajẹ́ǹtì mọ́tò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú mi, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ojú omi ló burú jù. Èmi Safurat, aránṣọ ni mí nílùú Ọ̀yọ́, n ò sì mọ̀wẹ̀. Kí ló kan èmi kan ọkọ̀ omi? Ọ̀rẹ́ mi Ràódàt ló kó mi wọ̀ ọ́.

Ràódàt kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi ni mo máa ń sọ tèmi, tí mo tún máa ń sọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Abúlé kan létí odò Ògùn, lápá ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ni òun àti Àlàmú ọkọ rẹ̀ ń gbé. Àlàmú ló ń fi ọkọ̀ gbé àwọn àgbẹ̀ àti iṣu wọn sọdá odò. Òun fúnra rẹ̀ ló kan ọkọ̀ náà, pákó ló fi kàn án. Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í jò wọlé níwájú ọkọ̀, Bushrah ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni. Ràódàt mú ọ̀já tó fi ń pọn ọmọ náà, ó fà á ya, ó fún ọkọ rẹ̀. Àlàmú ki í bọ àárín pákó, ó fi ọ̀dà dúdú bò ó. Ó ní ohun tó gbé ọmọ òun dúró yóò gbé ọkọ̀ náà dúró.

Nígbà òjò tó kọjá, àwọn àgbẹ̀ kan pè é lọ́sàn-án láti òdì kejì pé kó wá gbé àwọn. Wọ́n ní àwọn fojú ara àwọn rí i tó ti ọkọ̀ sómi. Òjò ńlá dé, kò sẹ́ni tó ríran mọ́. Nígbà tí òjò dá, kò sí Àlàmú, kò sí ọkọ̀. Àwọn òmùwẹ̀ wá odò náà títí tó fi sú wọn. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí pákó kan, wọn ò rí àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀.

Àlùfáà àdúgbò wá, ó ní kí wọ́n ṣàdúrà fún un, kí Ràódàt sì yọ yẹtí etí rẹ̀, kó wọ takàbá gẹ́gẹ́ bí opó. Ràódàt ní rárá. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti kú. Ọjọ́ tí mo bá rí ọkọ̀ rẹ̀, màá wọ takàbá." Inú bí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kò ṣe ìyàwó, kò ṣe opó, pé ó ń fi òkú ọmọ àwọn ṣeré. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà bá a jà, nítorí mo rí i bó ṣe ń gbẹ lójoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á gbé orí sókè. Bí kì í bá ṣe Àlàmú, á tún gbé e sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ilé náà, òun àti ọmọ.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ràódàt sá aṣọ, ó lọ sóko. Òjò ṣú, ó sáré padà wálé, ó bá gbogbo aṣọ náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti ká wọn, wọ́n ti ṣẹ́ wọn po: ìṣẹ́po mẹ́ta, kí wọ́n tó wá yí etí rẹ̀ sínú. Kò sẹ́ni tó ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí àfi Àlàmú. Ìborùn kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀, aláwọ̀ aró olódòdó pupa. Ó béèrè káàkiri abúlé, kò sẹ́ni tó ní òun ló ká aṣọ. Mo ní olè tó ń ká aṣọ fúnni kó tó jí ọ̀kan, kó máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tèmi náà. Ràódàt kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí òjò tún kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ará abúlé ní bí kò bá sí ọkọ̀, àwọn yóò fún ẹlòmíràn láyè láti máa gbé èrò. Ràódàt mọ ọkọ̀ tù, ọmọ apẹja ni. Ó ní òun yóò ra ọkọ̀ àlòkù, òun yóò jókòó síbi tí ọkọ òun ń jókòó. Inú mi dùn, mo rò pé ó ti gba kádàrá nìyẹn. Mo ní, "Má dààmú, màá bá ọ wá ajẹ́ǹtì." Ẹnu mi ló kó bá mi.

Ajẹ́ǹtì tí mo mọ̀ ni Ṣùbòmí, tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́bàá Ọjà Akẹ̀sán. Kò sí nǹkan tí kì í bá èèyàn wá, láti orí jẹnẹrétọ̀ dórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tà fún ẹlòmíràn. Ó fi fọ́tò ọkọ̀ kan hàn wá lórí fóònù, ọkọ̀ náà ń dán. Mo wò ó dáadáa, mo rí òkè yìnyín lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ṣùbòmí, apá ibo nílùú Ọ̀yọ́ ni yìnyín ti ń já báyìí?" Ó ní ká máà jẹ́ kí fọ́tò dà wá láàmú, ká lọ wo ojúlówó. A san owó mọ́tò, a lọ. Adìẹ ló sàba sínú èyí àkọ́kọ́, ó sì fẹ́ ṣá wa jẹ. Èkejì, àwọn màlúù ti ń mumi nínú rẹ̀ tipẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ibikíbi tí a bá dé, a máa san owó àyẹ̀wò, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa bọ̀ lọ́nà.

Nígbà tí mo bú Ṣùbòmí dé ibi tó yẹ, ó kùn díẹ̀, ó wá ní ọkọ̀ kan wà tó dára gan-an, ṣùgbọ́n òun kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ Daniel, ajẹ́ǹtì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní ẹni tó ni ín kì í gbélé. Orí fóònù ló ti ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ló sì ń bi gbogbo wọn: kí lo rí níwájú rẹ̀? Àwọn kan ní pákó, àwọn kan ní ìṣó, àwọn kan ní ọ̀dà. Gbogbo wọn ló lé lọ, bí wọ́n tilẹ̀ gbówó kalẹ̀.

Mo ní, "Àwa ò wá ṣe ìdánwò, ọkọ̀ la fẹ́ rà." Ṣùgbọ́n Ràódàt ti dìde dúró. Ó ní, "Safurat, jẹ́ ká lọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Daniel gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún wa ní àga ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Owner ń bọ̀, ó ti wà nítòsí." A jókòó. Àwọn ọlọ́kadà ń kọjá, kẹ̀kẹ́ ń kọjá, oòrùn kúrò lójú wa bọ́ sẹ́yìn wa. Ebi pa mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi jà. Níkẹyìn fóònù Daniel dún. Ó gbọ́ ọ, ó sì gbé e kúrò létí díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ó ní òun ti dé, òun ti rí àwọn tó wá, òun ti padà."

Mo ní, "Ó dé ibo? Ta ló rí wa?" Mo bọ́ sí títì, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. N ò rí ẹni tó dúró níbì kan. Mo gba nọ́ńbà náà, mo pè é lórí fóònù tèmi, wọ́n ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Daniel fúnra rẹ̀ kò rí ojú ọkùnrin náà rí.

Ràódàt bi í pé, "Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe rí?"

Daniel ronú. Ó ní, "Bí ohùn ẹni tí òtútù ń mú, mà. Ìró omi kì í sì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, Ràódàt ń wo ìta. Ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá ti wọ ìlú tí wọ́n wà, wọ́n máa ń kúrò níbẹ̀?" Mo mọ ohun tó ń sọ. Àkúdàáyà ni, àwọn tí wọ́n kú láìtọ́jọ́, tí wọ́n ń lọ gbé ìlú mìíràn bí alààyè títí ọjọ́ wọn á fi pé. Mo ní, "Ràódàt, má bẹ̀rẹ̀. Mùsùlùmí ni ẹ́." Ṣùgbọ́n irun ara mi ti dìde, mo sì bínú sí i nítorí ẹ̀.

Kò pẹ́ tí Daniel tún pè wá. Ó ní ọkùnrin náà ti gbà, kí a lọ fúnra wa, ọkọ̀ wà létí adágún omi kan lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Emmanuel. Òun Daniel kò ní bá wa dé ibẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí, ó ní iṣẹ́ pọ̀.

Àárọ̀ la débẹ̀. Adágún náà parọ́rọ́, kò tiẹ̀ mì. Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá náà bóyá odò Ògùn ṣàn débẹ̀. Ó ní, "Odò Ògùn kẹ̀? Omi yìí kò bá odò kankan pàdé, ìyá. Wọ́n gbẹ́ ẹ ni." Bàbá ní ẹni tó ni ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí ni. Iṣu tó sun ṣì wà lẹ́bàá iná, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, èéfín sì ń rú lára èyí tó kù. Tapólì tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n ti ká a ní ìṣẹ́po mẹ́ta, wọ́n sì ti yí etí rẹ̀ sínú.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ ka ìṣẹ́po náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ni.

Wọ́n ti kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ mìíràn. Ràódàt kò wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iwájú ló lọ tààrà, ó kúnlẹ̀, ó fi èékánná ha ọ̀dà dúdú kúrò láàárín pákó. Ó fa aṣọ kan jáde. Ọ̀já Bushrah ni. Aṣọ mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ṣì tuntun díẹ̀, ó fa ìyẹn náà, ó nà án sí mi láìwo ojú mi. Aláwọ̀ aró ni, ó ní òdòdó pupa.

Mo fẹ́ sọ pé irú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Mo yí etí rẹ̀ padà. Èmi ni mo rán etí ìborùn yẹn fún un. Òwú aró tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo fi òwú pupa parí igun kan, ó sì fi mí ṣẹ̀sín títí. Òwú pupa náà ló wà níwájú mi yìí. Mo mọ ọwọ́ ara mi.

Bàbá Emmanuel ṣí fìlà. Ó ní, "Ọkùnrin náà ní ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibẹ̀ kó tó kan ibòmíràn, kí n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ."

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ìbínú pọ̀ jù ú lọ. Bí ọkùnrin yìí bá wà láàyè, tó ń jẹ iṣu sísun nínú igbó nígbà tí wọ́n ń bú ìyàwó rẹ̀ nílé, kí ló pa á lẹ́nu mọ́? Mo kọjú sí igbó tó wà lẹ́yìn adágún. Ewé ibì kan ń mì níbẹ̀, ibì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí atẹ́gùn. Mo la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀.

Ràódàt fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn fún ọ̀dà. Ó ní, "Bí o bá pè é, á tún lọ síbi tó jìnnà ju ibí lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, Safurat. Ṣé o ò rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

Ó wá kọjú sí igbó náà fúnra rẹ̀. Kò dárúkọ, kò sì gbé ohùn sókè, ó sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń bá ẹni tó wà ní yàrá kejì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti rí ọkọ̀. Ara Bushrah le, ó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Àwa ò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn gba ibi ìjókòó yẹn. O lè máa lọ." Ẹkún gbọ̀n mí, òun kò sunkún. Ewé náà dẹ́kun mímì.

Ó ki ọ̀já padà sí àyè rẹ̀, ó ki ìborùn tẹ̀ lé e, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀dà bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló yọ yẹtí rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó kó wọn sí mi lọ́wọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló bá wa gbé e délé. Àlùfáà ti gbọ́, ó wá bá wa níwájú ilé, ó sì rí i pé etí Ràódàt ṣófo. Ó jókòó. Ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá Bushrah, ta ló wá sọ fún ọ pé ó ti kú?"

Ràódàt ní, "Òun náà ni, sà."

Àlùfáà wò mí, pé kí n túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé mọ̀ pé èmi ni mo máa ń sọ tirẹ̀ mọ́ tèmi. Mo di yẹtí náà mú lọ́wọ́, mo sì wolẹ̀.